Ohùn Ẹ̀yìn Aṣọ Ìtàgé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Aránnilétí

Ọdún 1948 ni a bí màmá wa, tí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré mọ̀ sí Màmá Aránnilétí. Ìyá tó bí wọn a máa sọ pé 1949 ni, ṣùgbọ́n 1948 ló wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí a kọ sílẹ̀ ni ẹbí sì fara mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Màmá ni ọmọ kẹta nínú márùn-ún.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1961. Ojú bàbá wọn ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Màmá ló ń ka ìwé ìròyìn fún wọn láàárọ̀ kí àwọn yòókù tó jí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kí etí kan ṣoṣo gbọ́ ọ. Nígbà tí bàbá wọn ṣaláìsí, wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀, wọ́n kọ́ aṣọ rírán.

Aṣọ òṣèré tí Màmá ń rán ló gbé wọn dé gbọ̀ngàn ìtàgé ní 1968. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu ẹni tó ń ṣe ọba. Màmá, tó ń gán bọ́tìnì lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, tó sì ti gbọ́ eré náà títí ó fi mọ́ wọn lórí, sọ ọ̀rọ̀ náà sí i jẹ́ẹ́jẹ́. Lẹ́yìn eré, olórí ẹgbẹ́ béèrè pé, “Ta ló ṣe ìyẹn?” Màmá rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Olórí ní, “Ẹ wá àga fún un.” Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó ti ìwé eré, tí wọ́n ń rán òṣèré létí.

Ní 1971, wọ́n fẹ́ oníná ìtàgé, bàbá wa, tó máa ń fọ́nnu pé, “Èmi ni mò ń jẹ́ kí ẹ rí wọn, ìyàwó mi ló ń jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sọ.” Bàbá ṣáájú lọ ní 2009. Ìgbàgbọ́ Màmá kò ní ariwo: ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdánwò dé ní 2022. Gbọ̀ngàn ń ṣófo. Inú fóònù ni àwọn ènìyàn ti ń wo eré. Olórí ẹgbẹ́ tuntun, tí Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ dàgbà, ní kí wọ́n ti gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa ṣeré fún kámẹ́rà nìkan, kí ẹ̀rọ kékeré inú etí sì máa rán òṣèré létí. “Màmá, ẹ má bínú, ayé ti yí.”

Màmá ní, “Ọmọ mi, ayé tó yí yẹn, mo wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fídíò yín. Ilẹ̀kùn yẹn ni kí ẹ má tì.”

Ọ̀rọ̀ wá di fà-á-kí-n-fà-á. Wọ́n fẹnu kò láti fi ẹ̀rọ náà dán eré kan wò: bí ó bá dára, gbọ̀ngàn di títì nìyẹn.

Màmá jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wòran. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó gbàgbé yàtọ̀ sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Bí ọba bá dúró láti sunkún ọmọ rẹ̀, ẹ̀rọ á ti ju ọ̀rọ̀ tó kàn sí i létí, ọba náà á sì sáré sọ ọ́. Eré wákàtí méjì parí ní wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá; oníkámẹ́rà ló fìdí iye náà múlẹ̀ fún wa. Ayaba bọ́ adé, ó ní, “Àbí wọ́n ń lé wa ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi olórí. Ó lọ bá Màmá: “Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n?”

“Ẹni tó gbàgbé kì í mí. Ẹni tó dákẹ́ ń mí.”

Láti ọ̀sẹ̀ náà, Màmá padà sídìí ìwé eré, ilẹ̀kùn ń ṣí ní gbogbo Sátidé, kámẹ́rà sì ń ya eré bí èrò ṣe jókòó. Àwọn tó gbọ́ ẹ̀rín èrò lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra wọn. A kò ní parọ́ pé gbọ̀ngàn ń kún. Ṣùgbọ́n kò tíì sí Sátidé kan tí eré kò wáyé. Màmá sì kọ́ ọ̀dọ́bìnrin méjì ní iṣẹ́ náà.

Màmá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ọmọ mẹ́rin ló gbẹ̀yìn wọn: aránṣọ kan, olùkọ́ méjì, oníná kan, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àrọ́mọdọ́mọ kan tí kò tíì fọhùn.

Ẹgbẹ́ fẹ́ fagi lé eré Sátidé yìí nítorí ọ̀fọ̀. Ẹbí ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, ẹ wá jókòó. Ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí.

Màmá, ẹ sùn ire. Iṣẹ́ tí ẹ fi lé wa lọ́wọ́ kò sùn.