Bàbá Atẹ̀wé: Ọwọ́ Líle, Ọwọ́ Fẹ́lẹ́

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni olóògbé, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n bí wọn sí yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ bàbá wọn. Ìyá wọn a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé òòlù ń dún kíkankíkan lọ́jọ́ náà débi pé àwọn aládùúgbò kò tètè gbọ́ igbe ọmọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1951. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, olùkọ́ wọn mú wọn dání lọ gba ìwé ìdánwò lọ́dọ̀ atẹ̀wé. Wọ́n rí bébà funfun tó wọnú ẹ̀rọ tó sì jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára, ojú wọn kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ náà ni àwọn fẹ́ kọ́. Bàbá wọn bínú, ó ní iṣẹ́ tí kò ní iná nínú, irú iṣẹ́ wo nìyẹn? Síbẹ̀, lọ́dún 1959, wọ́n lọ kọ́ ọ.

Lọ́dún 1968 ni wọ́n gbé aránṣọ kan níyàwó. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ wá tẹ ìwé ìpolówó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé ìlà rẹ̀ wọ́. Òótọ́ ló sọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá ní ojú tó rí èyí kò yẹ kó lọ sílé ẹlòmíràn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ẹnì kan kò gbọdọ̀ bi Bàbá léèrè ohun tí títẹ̀ jẹ́, àfi tó bá ti jókòó dáadáa. Ẹni tó ń tẹ páànù ṣe ìdérí ìkòkò ló wà lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀pà kí òróró lè jáde ló wà lápá òsì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa ń jiyàn lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà, títẹ̀, jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bàbá a ní, “Agbára lẹ̀yin fi ń tẹ̀. Èmi, mo ní láti mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ líle sí, kí n mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ sí.” Bí ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé kò bá hàn dáadáa, wọn a ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ibẹ̀ nínú ẹ̀rọ, lẹ́tà náà a sì yọ. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ́ yẹn gan-an ni títẹ̀. Gbogbo èyí tó kù, ariwo ni.

Iṣẹ́ abẹ́ yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún 1986. Àkọ́bí wọn obìnrin ń retí ìwé ìgbàwọlé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ìwé náà dé, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láìsí àpòòwé. Ẹni tó mú un wá gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́ Bàbá. Bàbá kò wọ jígí. Họ́wù, wọ́n ya á, wọ́n fi ṣe abẹ́ fún ìwé orin ìjọ! Oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Ọmọ tó rò pé òun ti fìdí rẹmi ló jókòó ti bàbá rẹ̀, tó ń bá wọn ká ìwé orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dun àwa mọ̀lẹ́bí títí dòní.

Ìgbà tí Bàbá ń tú abẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n rí ààbọ̀ orúkọ ọmọ wọn lára bébà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn, ẹni tó ń tẹ páànù, ní kí wọ́n dáná sun ún, ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ní, “Èmi mọ̀.” Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, wọ́n sì sunkún níwájú rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ méje ni ọmọ kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ kí wọn káàárọ̀. Bàbá lẹ àwọn àjákù ìwé náà pọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí ọ̀gá ibẹ̀ fi gbà kí ọmọ wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Díákónì ni Bàbá láti ọdún 1991. Lẹ́yìn ìsìn, wọn a kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣẹ̀sín.

Ìyàwó wọn, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan ló gbẹ̀yìn wọn.

Láti ọjọ́ tí àkọ́bí wọn, nọ́ọ̀sì wa, ti gboyè ni Bàbá ti máa ń bi í lọ́dọọdún pé, “Ṣé o ti dárí jì mí?” Òun náà a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, “Mo ṣì ń rò ó o, Bàbá.” Àwàdà wọn nìyẹn fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, Bàbá kò béèrè, àyà ọmọ sì já. Àárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2024, bó ṣe ń pa ìrọ̀rí wọn dà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé, “Bàbá, ọjọ́ tí ẹ sọ fún mi gan-an ni mo ti dárí jì yín.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje tí o kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo kàn ń béèrè lọ́dọọdún kí o lè máa dá mi lóhùn ni.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lọ. Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní dàrú.