Etí Aṣọ Ìwádìí Rẹ

Ìyá Èèrà, ọmọ mi,

Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó pariwo. Aṣọ tí o tẹ ìwádìí èèrà ẹ sí, tí o fẹ́ gbé lọ sí yunifásítì tó pè ẹ́ lónìí nítorí oyè kejì, mo bá a lórí àga láàárọ̀ yìí, etí ẹ̀ ń tú. Ara mi ò gbà á. Ṣé ọmọ télọ̀ ló máa gbé irú ẹ̀ jáde? Mo bá ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀ yípo. Ìgbà tí mo rán an tán ni mo rí i pé orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ tó wà nísàlẹ̀ ti wọ inú ìṣẹ́tí lọ.

Mo ti tú u o. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ṣì hàn lára orúkọ bàbá náà. Bí wọ́n bá béèrè, sọ pé èèrà ló jẹ ẹ́. Ìwọ náà lo mọ èèrà jù.

Mo ti lọ̀ ọ́, má fi áyọ́ọ̀nù kàn án mọ́. Jẹun kó o tó jáde.

Má rò pé títú aṣọ yẹn ló máa jẹ́ kí n pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ ilé wa wà lókè aṣọ yẹn gàdàgbà, ilé tí ẹnì kankan ò wọ yunifásítì rí kó tó kàn ẹ́. Mo jókòó, mo ń kà á, mo tún ń kà á.

Ìyá ẹ