Ọ̀nà Tí Àkíbù Yóò Gbà Dé Oko Àwọn Faransé

"Rélùwéè ni! Ẹni tó bá tún dárúkọ mọ́tò fún mi nínú agbo ilé yìí, kó lọ kọ́ ilé tirẹ̀, kó lọ máa dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀!"

Bí Bàbá mi ṣe pariwo rẹ̀ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Àbúrò wọn, Bàbá Sàlámì tó ń wa lọ́rì ní gáréèjì Ògùnpa, ni wọ́n pariwo rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àkíbù ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó yẹ kí n máa pè é ní wọ́n, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, nínú ìwé tèmi yìí mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ló rán an lọ kọ́ èdè Faransé sí i ní Páríìsì fún ọdún kan. Ó wá kọ̀wé pé kí òun tó padà wálé, òun fẹ́ rìn kiri àwọn abúlé ilẹ̀ Faransé lóṣù yìí, pé òun ò tíì mọ̀ bóyá rélùwéè lòun máa wọ̀ àbí mọ́tò ọ̀rẹ́ òun kan tó ń jẹ́ Olúdayọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó kàn sọ ọ́ ni. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ ni gbogbo ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ti ń pín ilẹ̀ Faransé mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń pín oko ogún.

Èmi Kúlúsúmù ni mo ń ka lẹ́tà, èmi náà ni mo ń kọ èsì, torí èmi nìkan ni mo mọ̀wé nílé. Mọ̀wé náà kọ́. Kíláàsì kìíní ilé ìwé Módàn ni mo ṣe tí Bàbá fi ní kí n sinmi ná, kí Àkíbù parí tirẹ̀. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sinmi. Mo ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Ìyá Comfort ní Bẹẹrẹ, ẹsẹ̀ ń ro mí nídìí ẹ̀rọ, ojú mi ń le, Ìyá mi á sì ní ta ló tún ṣẹ̀ mí.

Nǹkan míì wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ síbí. Àkíbù ki bébà kékeré kan bọ inú lẹ́tà yẹn, ó kọ orúkọ mi sí i. Ó ní: "Kúlúsúmù, má ka èyí sétí Bàbá. Owó ìrìn àjò yìí ò sí lọ́wọ́ mi. Àgbẹ̀ kan ni mo fẹ́ lọ bá ká èso àjàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sanwó iṣẹ́ fún mi. Tó o bá rí i pé yóò dun Bàbá, kọ̀wé sí mi, mi ò ní lọ."

Nínú ilé wa, kò sí èébú tó ju alágbàṣe lọ. Bàbá ní oko kóko lọ́nà Akànràn, ọdọọdún ni wọ́n ń gba àwọn tó ń bá wọn ká a. Tí Ìyá mi bá fẹ́ bú èèyàn dé egungun, alágbàṣe ni wọ́n máa pè é. Torí náà mo ka lẹ́tà, mo fi bébà kékeré sábẹ́ ìdí. Wọ́n rò pé àlejò ni Àkíbù ń lọ ṣe. Èmi ló wá kù tí yóò sọ bóyá kó lọ àbí kó má lọ, èmi tí wọn ò jẹ́ kí n lọ síbì kankan.

Lẹ́tà tí Bàbá pè fún mi kọ lónìí, ọjọ́ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 1962, ni mo dà kọ sísàlẹ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́, ikọ́ wọn nìkan ni mi ò kọ.

Agbo Ilé Sàláúdéènì,
Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.

Àkíbù ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, dìde kó o tó gbà á, torí bàbá rẹ dìde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Ṣé ara le? Ṣé ò ń kírun? Ṣé òtútù ibẹ̀ ń gbà fún aṣọ òfì tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́? Ọlọ́run tó mú ọ kọjá lórí òkun, tó fi ọ́ sáàárín àwọn tí kò mọ ìyá tó bí ọ, tí wọn ò sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láéláé. Àwa náà wà. Ìyá rẹ Àtọ́kẹ́ ní kí n kí ọ lógójì ìgbà, mo ní kí Kúlúsúmù kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí bébà lè gba ohun tó kù. Ewúrẹ́ rẹ bí mẹ́ta, ṣùgbọ́n a ti pa ìyá wọn, má bínú, àwọn tó wá bá wa yọ̀ nítorí lẹ́tà rẹ ló jẹ ẹ́.

Lẹ́tà náà dùn mọ́ mi débi pé mo mú Kúlúsúmù dé Ọjà'ba, mo ní kó kà á sétí àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí aṣọ òkè. Gbogbo wọn ṣí fìlà. Mo ní ṣé ẹ gbọ́, àwọn Faransé ṣí oko wọn sílẹ̀ kí ọmọ mi wá wò ó. Ẹnì kan ní ṣebí òyìnbó ló máa ń wá wo tiwa. Mo ní ìyẹn kí a tó gba òmìnira, ó ti wá kan àwa láti lọ wo tiwọn. Ìwọ náà rántí òyìnbó tó máa ń wá wo kóko wa l'Ákànràn, tí kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń mi orí, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mú ìwé dání, mú bírò dání, kó o máa mi orí. Bí kò bá tiẹ̀ sí ohun tó o fẹ́ kọ, máa kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kàn. Rélùwéè ni kó o wọ̀. Sàlámì ní mọ́tò ló dáa, pé rélùwéè kì í dúró de ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé lọ́rì rẹ̀ kò débi tó ń lọ rí lọ́jọ́ tó gbéra. O tún kọ ọ́ pé mọ́tò Olúdayọ̀, agbára ẹṣin méjì ni wọ́n ní ó ní. Bàbá bàbá rẹ nìkan so ẹṣin mẹ́rin mọ́lẹ̀ nígbà ogun, kí ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi méjì ṣe lójú òyìnbó?

Èmi ti wọ rélùwéè rí, láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, ohun pàtàkì kan ni mo lọ ṣe níbẹ̀, torí náà gbọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni yóò gbéra, ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni kó o ti wà ní tésàn. Má yọ orí lójú fèrèsé, ẹ̀yinná á ta sí ọ lójú. O ní tiwọn kì í rú èéfín, pé iná mànàmáná ló ń fà á. Ìyẹn kọ mí lóminú díẹ̀, torí tàdúgbò wa níbí, bí òjò bá ti ṣú ló ń lọ. Bi dẹ́rẹ́bà wọn bóyá òjò ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí obìnrin bá gbé ẹ̀pà sísè wá sójú fèrèsé, gba ẹ̀pà kó o tó nawọ́ owó, torí ọkọ̀ lè ṣí.

Màápù tó o fi pẹ́ńsùlù pupa fa ọ̀nà sí, mo ti kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, lókè àga mi, kò sí àlejò tí kì í wò ó. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n. Láti Páríìsì dé ìlú tó ò ń pè ní Límójù, ìka kan ààbọ̀ péré ni. Kúlúsúmù wá ní o kọ ọ́ pé igba máìlì ó lé àádọ́ta ni, pé wákàtí mẹ́rin ni rélùwéè fi ń sá a. N kò bá ọ jiyàn, ṣùgbọ́n igba máìlì ó lé àádọ́ta láti ilé wa níbí, a ti kọjá Ìlọrin, a ti kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, a ti wà láàárín àwọn Tápà. Ọkọ̀ tó bá fi wákàtí mẹ́rin sá ìyẹn, nǹkan ló ń lé e. Sọ fún wọn kí wọ́n rọra, sọ pé bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti gbọ́ mi jù nìyí. O dárúkọ abúlé mẹ́fà, ṣùgbọ́n o ò sọ agbo ilé tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Oko kì í wà kó má ní ilé. Ẹni tó bá fẹ́ dé oko wa l'Ákànràn, ọ̀dọ̀ wa níbí ló máa kọ́kọ́ yà. Ìwọ náà, kó o tó kúrò ní Páríìsì, wádìí agbo ilé tó ni abúlé kọ̀ọ̀kan, lọ kí Mọ́gàjí wọn, dọ̀bálẹ̀, sọ pé ọmọ Sàláúdéènì ti Ìsàlẹ̀ Òsì ni ọ́, pé o fẹ́ dé oko wọn. Òun ni yóò rán ẹnì kan ṣíwájú rẹ, kí ajá má baà bù ọ́ jẹ. Má lọ lọ́wọ́ òfo. Mú búrẹ́dì, mú iyọ̀, mú kẹrosíìnì gálọ́ọ̀nù kan, torí ohun tí ará oko ń retí lọ́wọ́ ará ilé nìyẹn. Mo di obì ogún sínú páálí, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ìwé yìí. Mẹ́ta ni ti Baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì tó kù, fún dẹ́rẹ́bà rélùwéè.

O kọ ọ́ pé àwọn kan wà ní abúlé wọ̀nyẹn tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n kú síbẹ̀, tí wọ́n sì sin síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Kúlúsúmù tún un kà. Ta ló ń sin èèyàn sóko? Kí ló dé tí wọn ò gbé wọn wá sílé ní Páríìsì? Bóyá ìjà ló wà láàárín ará ilé àti ará oko. Má dá sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, sọ pé àwa tiwa, bó ti wù kí ìjà le tó, ilé là ń gbé òkú wá, kí wọ́n lọ bẹ Mọ́gàjí wọn.

Má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan lóko wọn o. Ọmọ olóko kì í bá olóko ṣiṣẹ́. Jókòó síbi tó tutù, kí wọ́n máa ká èso wá fún ọ. Bí wọ́n bá fún ọ ní omi àjàrà, bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fún un lára èso. Èyí tí wọ́n fún láàárọ̀, mu ún. Èyí tó bá ti sùn mọ́jú, ọtí nìyẹn, dúpẹ́, kó o dá a padà.

Ya fọ́tò pẹ̀lú Baálẹ̀ tó bá dàgbà jù nínú wọn, kí òun jókòó, kí ìwọ dúró, wọ agbádá sányán rẹ. Mo ti ra férémù rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ta ọ́ lọ́rẹ bí a ti ń ṣe fún àlejò pàtàkì, jọ̀ọ́, fi pọ́n-ùn mẹ́ta ránṣẹ́ níbẹ̀, páànù ti jò, orí ibùsùn ìyá rẹ ló sì ń kán sí.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ nílé lóko. Ibi tí wọn ò tíì rí èèyàn dúdú rí, ara rẹ ni wọn yóò ti mọ̀ pé a ní ìtọ́jú. O ò ní ṣubú lójú irin, o ò ní sọnù lójú títì, ẹnu tí mo fi ń sọ pé ọmọ mi ń bọ̀ ni n ó fi sọ pé ọmọ mi ti dé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Sàláúdéènì. Ọwọ́ Kúlúsúmù ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni.

Níbi "má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan" ni yíǹkì ti kán sórí bébà mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá bi mí pé kí ló dé, mo ní ẹ̀fọn ló jẹ mí. Mo ti pinnu nígbà yẹn pé n ó kọ̀wé sí Àkíbù pé kó má lọ. Kí n má purọ́, ó tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú díẹ̀. Kí òun náà sinmi ná.

Bàbá Sàlámì ti bínú jáde, Ìyá mi ti lọ gbé omi kaná. Mo ń ká lẹ́tà, mo bá bi Bàbá pé kí ni ohun pàtàkì tí wọ́n lọ ṣe l'Óṣogbo. Wọ́n yí ojú sí màápù ara ògiri. Wọ́n wá ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún làwọn, àwọn ò ní ju ṣòkòtò kan lọ. Wọ́n ní láti Òṣogbo, ẹsẹ̀ làwọn fi rìn dé oko bàbá Ìjẹ̀ṣà kan, àwọn sì bá a fọ́ kóko fún ọdún méjì. Orí àtẹ tí wọ́n ń sá kóko sí làwọn ń sùn. Bàbá Ìjẹ̀ṣà yẹn ò pe orúkọ wọn rí, "ará Ìbàdàn" ló ń pè wọ́n títí wọ́n fi kúrò. Owó yẹn ni wọ́n fi gbin igi kóko àkọ́kọ́ l'Ákànràn.

"Má kọ ìyẹn síbẹ̀," ni Bàbá wí. "Ìyá yín pàápàá ò mọ̀. Kò yẹ kí Àkíbù wà láàárín àwọn èèyàn gidi, kó máa rántí pé bàbá òun ti sùn nínú oko olóko."

Mo bi wọ́n pé, kí wọ́n má bínú, ṣé ojú ń tì wọ́n ni.

Wọ́n ní, "Ojú ò tì mí nígbà tí mò ń ṣe é. Ìgbà tí mo lówó tán ni ojú wá ń tì mí."

Bàbá mi tó sùn lórí àtẹ kóko yẹn wù mí ju èyí tí wọ́n ń ṣí fìlà fún l'Ọ́jà'ba lọ. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí mo ṣe lógójì ọdún sẹ́yìn ni ò ń kí mi fún."

Mo gé bébà pelebe kan, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ máa lọ. Kò ní dun Bàbá. Ẹ ká a dáadáa, kí ìwọ̀n èso yín pé." Mi ò kọ ìdí rẹ̀, torí Bàbá ní kí n má kọ ọ́. Mo fi há inú lẹ́tà, mo lá gọ́ọ̀mù rẹ̀, mo dì í pa.

Èyí tó kù, n kò ní sọ ọ́ fún Bàbá, n kò ní sọ ọ́ fún Ìyá mi, n kò sì ní kọ ọ́ sí Àkíbù. Kóko tuntun ti ń wọ̀lú. Sítọ́ọ̀ kan wà lẹ́yìn Ògùnpa tí wọ́n ti ń gba ọmọbìnrin pé kó wá máa ṣa hóró tó bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dára, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó. Ìyá Comfort ò béèrè mi ju ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó tó di oṣù Jánúárì, owó Módàn kíláàsì kejì á ti pé, n ó ti wà lórí bẹ́ǹṣì kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé ta ló san án. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, mo máa gbé àpò ìránṣọ mi jáde bí ẹni ń lọ sí Bẹẹrẹ, ọ̀nà Ògùnpa ni mo sì máa yà sí. Mo ti yọ búbà aláró mi sílẹ̀, òun ni eruku kóko ò ní hàn lára rẹ̀.