Epo Tí N Kò Tíì Rà

Ìyá mi ní Àjàṣẹ́,

Ara mi le níbí, ní Idigny. Ọkọ̀ mi náà ń dán. Mo fọ ìta rẹ̀ lánàá. Ẹ sọ fún àbúrò mi Khadidja pé èmi ni màá fi ọkọ̀ náà gbé e lọ sílé ọkọ ní Sátidé.

Epo nìkan ló kù. Ìyá Wùmí, onílé mi, ń ta kpayo, epo bẹntiróò inú ìgò, lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Ìyá Cyriaque, tó ń fún mi lóúnjẹ, ń ta tirẹ̀ lápá òsì. Bí mo bá ra ti Ìyá Cyriaque, ibo ni màá sùn? Bí mo bá ra ti Ìyá Wùmí, kí ni màá jẹ? Bí mo bá sì fẹ́ ra ti àwọn méjèèjì, ta ni màá kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀?

Mo wá forí lé ilé epo ní Kétou, kí ẹnikẹ́ni má bàa bínú. Epo tán lójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà ló fi okùn wọ́ ọkọ̀ padà, wọ́n sì gbé e sáàárín ìyá méjèèjì.

Ẹ má ṣèyọnu o. Ẹ bá mi kí ìyàwó, ẹ kí ọkọ rẹ̀. Adìẹ Ìyá Wùmí, tó ń sàba lórí àga ìyàwó nínú ọkọ̀ láti ọjọ́ Ajé, ń kí yín.

Ọmọ yín,
Raouf