Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Le

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Ẹnì kan kàn ń ba tèmi jẹ́ ni.

Nínú ìwádìí àrùn ọkàn wa, a máa ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ tèmi sílẹ̀ fún ìyẹn. Láti oṣù tó kọjá, èsì rẹ̀ ń jáde bíi ti aláìsàn. Mo fura sí ẹ̀rọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣe nǹkan kan. Mo fura sí ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ nọ́ńbà sára ìgò ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ti fíríìjì pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Síbẹ̀, èsì ìgò tèmi ò yí padà.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò."

Ẹ ò rí i pé ipò mi ló ń wá?

Mo ti ń rọra gun àtẹ̀gùn báyìí. Ògiri ibẹ̀ ló dára wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni bàbá wa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ? Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ kí àbúrò mi. Kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ kí gbogbo ilé.

Ọmọ yín tí ara rẹ̀ le.