"Ẹ Gbìyànjú" Kì í Ṣe Èébú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, olùdámọ̀ràn gbogbo ọba Èkìtì lórí gírámà, ni mo ń kọ̀wé sí yín láti Òkè-Ìlá ní Èkìtì níbí. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò, inú sì ń bí mi.

Mábù tí a gbé sórí sàréè yín ló fà á. Màmá ní kí wọ́n kọ orúkọ yín, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ gbìyànjú. Kò béèrè ju ìyẹn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára gbogbo mábù yòókù, ni mo bá kọ "He tried" gàdàgbà sínú ìwé fún oníṣẹ́ mábù.

Àfi bí àbúrò yín, Bàbá Tíṣà, ṣe rí i tó fi bírò pupa fagi lé e. "Ìwọ ọmọ yìí! O fẹ́ bú bàbá ẹ? Bí òyìnbó bá kọ 'he tried' sínú ìwé ìtàn, ẹni yẹn ò rí i ṣe nìyẹn. Àánú ni wọ́n fi ń sọ ọ́! Ẹlòmíì tiẹ̀ lè rò pé kóòtù ni wọ́n ti 'try' ẹ̀." Ó wá kọ "A Rare Gem" dípò rẹ̀. Mo béèrè ìtumọ̀, ó ní òkúta iyebíye ni. Òkúta ni ká kọ sórí òkúta?

Ta ló ní ẹ ò rí i ṣe? Ọjọ́ tí ẹ fi ọ̀kadà gbé aboyún láti Ìgèdè wá sí ọsibítù nínú òjò, tí ẹ fi aṣọ òjò yín bò ó, kí ni ìyá ọkọ ẹ̀ wí? "Ẹ gbìyànjú o!" Nígbà tí mo gba ipò kejìdínlógún nínú ogún, tí ẹ fọwọ́ pa mí lórí, kí lẹ wí? "O gbìyànjú." Ṣé ẹ ń bú mi ni? Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ báyìí, tí ọ̀gá mi bá ní kí kọ́sítọ́mà "try" aṣọ, ṣé ó ti sọ pé kò ní bá a mu nìyẹn?

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi ò sọ ọ́ fún yín rí. Ohùn yín nìkan ni mo máa ń sín jẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ ṣe ń wúkọ́ kí ẹ tó ṣáná sí ọ̀kadà.

Bí Bàbá Tíṣà ṣe wọ kíláàsì, mo pe oníṣẹ́ mábù. Ohùn Bàbá Tíṣà ni mo lò, tòun ti "uṣẹ́" tó máa ń já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ dípò "iṣẹ́" tó bá ń bínú: "Ọ̀gbẹ́ni, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ yẹn? Fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀! Yorùbá ni kó o gbẹ́: BÀBÁ, Ẹ GBÌYÀNJÚ." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, lẹ́ẹ̀mẹta.

Lánàá ni wọ́n gbé e kalẹ̀. Bàbá Tíṣà la ẹnu. Àwọn àgbà ìjọ, tí oníṣẹ́ mábù ti sọ fún pé Bàbá Tíṣà ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yí i ká, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́: "Tíṣà, ẹ gbìyànjú! Ẹ mà gbìyànjú o!" Ó wo Màmá, tó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹrí ba. "Ẹ ṣeun," ló wí.

Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí pé ta ló pe oníṣẹ́ mábù. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún pé kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n kankan níbí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí kò kàwé tán, tó fẹ́ràn yín.