Òdo Tí Mo Kọ fún Ilé Òkè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ má dárúkọ mi. Àgbàlagbà ni mí, ojú ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ka iye ènìyàn tó wà lágbègbè olókè wa jáde lórí rédíò, ẹ ní orí òkè kẹta ti dahoro láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Èmi ni mo sọ ọ́ dahoro.

Iṣẹ́ ìkànìyàn ni mò ń ṣe nígbà náà. Mo ṣì ń rántí ìkùukùu tó máa ń fọ ojú ẹni láàárọ̀. Ó ku ilé kan ṣoṣo, lókè pátápátá lórí òkè kẹta náà. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mo dúró nísàlẹ̀, mo pariwo pé, "Ìyá, ẹ tó mélòó níbẹ̀?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. "Gòkè wá fojú ara rẹ kà wá, ọ̀lẹ. Ṣé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

Inú bí mi, mo kọ òdo. Nítorí òdo yẹn, wọn ò rán nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá náà ṣàìsàn, ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò dé ìsàlẹ̀ láàyè.

Ọmọ rẹ̀ ló ń ta oyin ládùúgbò mi báyìí. Bó bá ti ń bu oyin fún mi, á ní, "Bàbá Òǹkà, ṣé gbogbo àwa mọ́kànlá lẹ kọ sílẹ̀?" Màá kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un? Kí ẹ tó dáhùn, olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kà lórí rédíò: mọ́kànlá ni wọ́n.